Ẹni Tí Ó Dé Oko Baba Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n irú ọmọ mìíràn wà tí òwe yìí kò ròyìn rẹ̀: èyí tí ó dé oko baba ẹlòmíràn, tí ó wo ebè ibẹ̀ títí ojú fi kún un, tí ó sì padà wálé láì tíì dé oko baba tirẹ̀ rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn Yorùbá tí ń gbé ní ìlú Bìní lónìí, pàápàá láàrin àwọn tí Ọlọ́run ṣe é fún, tí wọ́n lè wọ bàálù lọ sí Ìlú Ọba fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n sì padà.

Bí ìrìn àjò náà ṣe máa ń rí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Bàbá kan wà tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣòwò ní Bìní, tí ó ti kọ́lé síbẹ̀, tí ó sì bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ránṣẹ́ pè é láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí ó wá najú díẹ̀. Nígbà tí físà bọ́ sí i lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ̀ sí Peckham, níbi tí èlùbọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ẹja gbígbẹ kò ti wọ́n, tí àwọn ènìyàn sì ń kí i ní “Ẹ kú ìrìn o, sà” bí ẹni pé Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni ó wà. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n mú un jáde. Ó rí ààfin Buckingham àti àwọn ẹ̀ṣọ́ onífìlà onírun. Ó gbọ́ ìró aago ńlá tí ó wà lórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Ó dúró lórí afárá odò Thames, ó na ọwọ́ sókè bí olóṣèlú, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ó kù, ọjà ni wọ́n ń ná. Nígbà tí ó padà dé, àpótí mẹ́ta ni ó rù wálé, pẹ̀lú àwòrán tí ó tó igba nínú fóònù.

Kò sí ẹni tí ó lè dá bàbá náà lẹ́bi pé ó gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti sinmi, ojú tí kò bá sì rí nǹkan tuntun rí, ìríran rẹ̀ kì í jìnnà. Ohun tí ó ń dunni ni pé láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá náà, ó kọjá lẹ́bàá ilé méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kàn án ju ti ààfin Buckingham lọ, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un.

Èkínní ni British Museum, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo àgbáyé sí, ní òpópó Great Russell ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1753, wọ́n ṣí i fún ará ìlú ní 1759, wọn kì í sì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Bí ènìyàn bá wọlé, tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 25 ní ìsàlẹ̀ ilé, yóò bá àwọn pátákó idẹ Bìní níbẹ̀, tí wọ́n fi òpó irin gbé dúró ní ìpele ìpele. Ọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ológun wà níbẹ̀ pẹ̀lú idà àti apata. Àwọn Potogí onírùngbọ̀n gígùn náà wà níbẹ̀. Ara òpó ààfin Ọba Bìní ni wọ́n wà ní ayé àtijọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, tí wọ́n kó wọn, tí iná sì jó ìlú. Wọ́n mú Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi wàjà ní 1914. Kí ọdún 1897 yẹn gan-an tó parí ni wọ́n ti pàtẹ pátákó tí ó tó 300 ní British Museum fún ìran wíwò. Lónìí, ohun tí ó ti Bìní wá tí ó wà lọ́wọ́ ilé náà ju 900 lọ. Ojú Ìyá Ọba Idia tí a fi eyín erin gbẹ́ wà lára wọn, èyí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì FESTAC ní 1977. Nàìjíríà bẹ̀ wọ́n nígbà náà pé kí wọ́n yá wa fún ayẹyẹ náà. Wọn kò yá wa.

Èkejì ni mùsíọ́mù tí ń jẹ́ Horniman, ní Forest Hill. Kò jìnnà sí Peckham rárá. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ yóò ti débẹ̀, yóò ti wòran, yóò sì ti padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni àwọn alábòójútó ilé yìí dá ohun 72 padà sí ìkáwọ́ Nàìjíríà, tí wọ́n jẹ́wọ́ pé ipá ni a fi kó wọn ní 1897. Díẹ̀ nínú wọn padà wálé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a yá wọn. Bàbá wa sùn, ó jí, ó jẹ àmàlà ní ìtòsí ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe òní ni ènìyàn ti ń ti ilẹ̀ Bìní lọ najú ní ilẹ̀ òyìnbó. Ní nǹkan bí 1486, nígbà tí João Afonso de Aveiro ti ilẹ̀ Potogí dé Bìní, Ọba Bìní yan olórí ìlú Ughoton, èbúté Bìní ní ayé ìgbà náà, pé kí ó bá wọn padà lọ wo ilẹ̀ wọn. Òpìtàn ààfin Potogí, Ruy de Pina, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu ọkùnrin náà, ó sì gbọ́n lọ́gbọ́n àbínibí. Wọ́n se àsè fún un, wọ́n mú un kiri, wọ́n sì fi ohun dáradára ilẹ̀ wọn hàn án. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ọkọ̀ ọba ni ó gbé e wá. Wọ́n fún òun àti ìyàwó rẹ̀ ní aṣọ olówó iyebíye, wọ́n sì fi ẹ̀bùn ńlá rán an sí Ọba rẹ̀. Títí di ibí yìí, ìrìn àjò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bàbá wa ti Peckham: wọ́n fi nǹkan hàn án, ó wò ó, ó kó aṣọ wálé.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni pé àwọn ará Bìní tí ó lọ sílẹ̀ Potogí láyé ìgbà náà kò fi ẹnu sílé. Òpìtàn Potogí kejì, João de Barros, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1552, ròyìn ohun tí àwọn ikọ̀ Bìní sọ fún ọba Potogí, Dom João Kejì. Wọ́n ní ọba ńlá kan wà ní ọ̀nà jíjìn, Ogané ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Bí Ọba Bìní tuntun bá jẹ, yóò rán ikọ̀ àti ẹ̀bùn sí i, òun náà yóò sì fi ọ̀pá, adé àti àgbélébùú ránṣẹ́ padà, idẹ ni gbogbo rẹ̀. Ikọ̀ náà kì í rí Ogané sójú; ẹ̀yìn aṣọ títa ni ọba náà máa ń wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọn yóò sì rí nígbà tí wọ́n bá ń dágbére. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn kò gbà, nítorí Barros kọ ọ́ pé ìhà ìlà-oòrùn Bìní ni ọba náà wà, Ifẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́. Dom João rò pé ọba onígbàgbọ́ tí ilẹ̀ Yúróòpù ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ni, ìyẹn Prester John, ìròyìn yìí sì wà lára ohun tí ó mú un rán ènìyàn jáde lórí ilẹ̀ àti lórí òkun. Nínú irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ ni Bartolomeu Dias fi ṣíkọ̀ ní 1487, tí ó sì yí ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Áfríkà ká.

Barros sọ síwájú sí i. Ní 1540, àwọn ikọ̀ mìíràn láti Bìní tún dé, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àgbàlagbà tí ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, tí ó so irú àgbélébùú bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Barros bi í léèrè ohun tí ó jẹ́. Bàbá náà sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lókè yìí. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni àádọ́rin ọdún, ní ilẹ̀ àjèjì, òyìnbó akọ̀wé bi í ní ìbéèrè nípa ilé rẹ̀, ó sì ní ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá ní bàbá wa ti Peckham tilẹ̀ ṣèèṣì wọ yàrá 25 náà, bóyá nítorí pé òjò ń rọ̀. Òyìnbó obìnrin kan tí ó wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ rí agbádá rẹ̀, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi í níbi tí ó ti wá. “Benin City,” ni bàbá dáhùn. Inú obìnrin náà dùn, ó nawọ́ sí pátákó kan, ó ní kí ó jọ̀wọ́ sọ ohun tí ẹni tí ó wà láàrin yẹn ń ṣe fún ọmọ òun. Kí ni bàbá yóò sọ? Ẹni tí ó bá mọ̀ wá yóò mọ ìdáhùn náà. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní: “Kì í ṣe ará Bìní ni mí o. Yorùbá ni mí.”

Ìdáhùn yìí ni àrùn náà gan-an. Ènìyàn lè gbé ìlú fún ọgbọ̀n ọdún, kí ó jẹ nínú ìlú náà, kí ó sin òkú rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì máa sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò kan òun. Ohun tí ó sì burú jù ni pé nínú yàrá kan náà, kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ó dúró sí, orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń dán bí ti ènìyàn alààyè. Ní 1938 ni wọ́n hú u jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1939 ni ó di ti British Museum. Kì í ṣe òun nìkan. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà lọ́wọ́ ilé náà pẹ̀lú. Òyìnbó tí wọ́n gbé wá kí Ògògà ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sára rẹ̀, tí ọba jókòó tayọ̀tayọ̀ ń gba àlejò. Ní 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà lọ najú; láti ìgbà náà ni kò sì ti padà wálé. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún Ògògà. Bóyá pàṣípààrọ̀ náà dọ́gba, ẹni tí ó bá ti rí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ rí ni kí ó dáhùn.

Ní ti idẹ Bìní fúnra rẹ̀, àwọn ará Bìní kò fi pamọ́ pé ọ̀nà Ifẹ̀ wọ inú rẹ̀. Olóyè Jacob Egharevba, òpìtàn Bìní tí gbogbo ayé mọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọba Oguola ni ó ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni pé kí ó fún òun ní alágbẹ̀dẹ idẹ, tí wọ́n sì rán Igueghae wá láti kọ́ wọn níṣẹ́. Àwọn onímọ̀ òde òní ń jiyàn lórí èyí náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń jiyàn lórí Ọ̀rànmíyàn àti ẹni tí Odùduwà jẹ́. Ìjà yẹn kò sí nínú ohun tí à ń sọ níhìn-ín, kò sì yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Bìní gbé e lórí. Ẹni tí ó wọ̀ sílé ènìyàn kì í bá onílé du ìtàn ìdílé. Ó tó kí ó mọ̀ pé ìtàn náà kan òun, àti pé nígbà tí a bá ń sọ ọ́, òun kì í ṣe òǹwòran.

Àwọn kan wà tí wọn yóò sọ pé àwọn kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilé British Museum láéláé, nítorí ilé ẹrù ìkógun ni. Ìbínú wọn kò ṣófo. Òfin tí ìjọba Ìlú Ọba ṣe ní 1963 ni ilé náà fi ń bojú pé àwọn kò lè dá nǹkan wọ̀nyí padà. Ohun mìíràn sì wà tí ó ń ta ni lára ju òfin lọ. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì èyíkéyìí lè ti ojú pópó wọlé lọ wo iṣẹ́ àwọn baba ńlá alágbẹ̀dẹ Igun láì san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ alágbẹ̀dẹ náà fúnra rẹ̀ bá fẹ́ lọ wò ó, yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Àbújá láti tẹ̀ka, yóò fi ìwé báǹkì rẹ̀ hàn, yóò sì san owó físà, èyí tí ó di pọ́n-ùn 127 fún àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, owó náà ti lọ. Kò sí ibi kankan nínú ìwé tí wọ́n ń béèrè yìí tí ó ti lè kọ ọ́ pé, “Mo fẹ́ wá wo ẹrù baba mi.”

Síbẹ̀, àwọn tí ó ní kí a má wọbẹ̀ kò rò ó jìnnà. Ẹrù tí olówó rẹ̀ kò bá bẹ̀ wò, ẹni tí ó kó o yóò ní kò sí ẹni tí ó ń wá a. Ìbéèrè àwọn ará Bìní àti ti Nàìjíríà, ọdún dé ọdún, láti ìgbà Ọba Akenzua Kejì, ni ó mú kí nǹkan yí padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Jesus College ní Cambridge dá àkùkọ idẹ kan padà, Yunifásítì Aberdeen sì dá orí Ọba kan padà. Ìjọba Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù keje ọdún 2022, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan wá kí ọdún náà tó parí. Ní 2025, ilẹ̀ Netherlands dá ohun 119 padà. Níbi tí wọn yóò máa gbé nílé ti dá awuyewuye sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde ní 2023 pé Ọba Bìní ni ó ni wọ́n. Ilé ni awuyewuye yẹn wà, ó sì sàn kí a máa jà lórí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, kí bàbá wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì wọ yàrá 25. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni ó yẹ kí ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ti Ugbowo lọ sí Sapele Road yóò yí Ring Road ká lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ní àárín Ring Road náà, ní gbàgede tí a fi orúkọ Ọba Ovonramwen pè, ni mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ wà, ilé pupa tí a ṣí ní 1973. Mélòó nínú àwọn Yorùbá Bìní ni ó ti wọ inú rẹ̀ rí? Àwọn ẹgbẹ́ wa ń ṣe ìpàdé oṣooṣù, a ń dá aṣọ ẹbí, a ń ṣe ayẹyẹ òpin ọdún tí màlúù ń kú sí. Kò tíì sí èyí tí a gbọ́ pé ó kó àwọn ọmọ jọ lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n wọ ibẹ̀, kí àgbà kan sì dúró ti pátákó idẹ kan láti sọ ohun tí ó mọ̀ fún wọn.

Láti ibẹ̀, Òpópó Igun kò jìnnà. Ẹsẹ̀ lásán ni a fi ń rìn ín. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ibẹ̀ ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà bí àwọn baba wọn ti ń ṣe é. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ inú ère. Wọn yóò fi ìda bò ó, wọn yóò sì fín ojú, imú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti gbogbo ọ̀ṣọ́ sára ìda náà. Lẹ́yìn èyí wọn yóò tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọn yóò dá ihò sí i, wọn yóò sì gbé e sínú iná. Ìda yóò yọ́ jáde, idẹ yíyọ́ ni wọn yóò sì dà sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, wọn yóò fọ́ amọ̀ náà. Ìdí nìyí tí ère méjì kò fi lè jọra tán, nítorí amọ̀ tí ó bí èkínní ti fọ́. Irú ọ̀nà yìí náà ni àwọn ará Ifẹ̀ fi ṣe orí Wúnmọníjẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá ti rí i bí wọ́n ti ń fọ́ amọ̀ náà kúrò lára idẹ kò ní gbàgbé, bí ó bá sì di ẹni ogójì ọdún tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìdáhùn fún obìnrin òyìnbó náà. Àwọn ará Igun kì í lé ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń da idẹ, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá iná yẹn.